Jíjọ kò tó: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá gbajúmọ̀ ló buwọ́ lu ohun tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo

Bí ẹnì kan bá gbé pálí rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá síta lónìí, tó ní Fẹlá fúnra rẹ̀ ló fi máákà buwọ́ lù ú, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn òǹrajà máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá ìbuwọ́lù Fẹlá mìíràn lórí Google, wọ́n á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ó jọ ọ́ o," ni ẹnì kan á wí. Ẹlòmíràn á ní ìrù F rẹ̀ gùn jù. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, iye tí wọ́n ń pè é ti ń gòkè.

Irú ọjà báyìí ti ń wọ Àkúrẹ́. Kì í ṣe àwo nìkan: jẹ́sì agbábọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, fọ́tò òṣèré wà níbẹ̀, ìwé tí òǹkọ̀wé buwọ́ lù wà níbẹ̀. Àwọn kan ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń tà á láàárín ara wọn lórí WhatsApp, wọ́n á máa pe owó lé ara wọn títí aago tí wọ́n dá á fi lù. Ìdáhùn tí mo máa ń fún àwọn tó bá bi mí nípa ojúlówó kì í dùn mọ́ wọn: ẹ fi jíjọ sílẹ̀ ná. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe ayédèrú ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun náà ní Google.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, ìrìn ọwọ́ ló máa ń wò kí ó tó wo lẹ́tà. Gbajúmọ̀ tó ti buwọ́ lùwé ní ìgbà àìlóǹkà kì í ronú sí i mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀ lóru láìtan iná. Bírò ti ń rìn kí ó tó fara kan ìwé, kì í sì í dúró kí ó tó kúrò lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà ojúlówó fi máa ń tín-ín-rín ní ìbẹ̀rẹ̀, tí á tún tín-ín-rín níbi tó bá parí sí. Ẹni tó ń ya ti ẹlòmíràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ wà lára àpẹẹrẹ tó gbé síwájú. Á gbé bírò lé ìwé, á fà á díẹ̀, á dúró, á tún wo àpẹẹrẹ, á tẹ̀síwájú. Orí ìlà á nípọn, ìdí ìlà á nípọn, ibi tó ti dúró ronú, yíǹkì á kó jọ síbẹ̀ di àmì dúdú kékeré.

Ẹ fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó. Kámẹ́rà fóònù tó dára náà lè ṣe é bí ẹ bá sún un mọ́ ọn dáadáa. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti gbé bírò kúrò láàárín lẹ́tà níbi tí kò yẹ, ibi tí wọ́n ti padà lọ tún ìlà ṣe, àti ipa pẹ́ńsùlù lábẹ́ yíǹkì. Lẹ́yìn náà, ẹ dorí rẹ̀ kodò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń ka orúkọ náà, ọkàn yín á máa bá onijìbìtì ṣiṣẹ́, á máa parí ohun tí kò parí fún un. Bí ẹ bá ti dorí rẹ̀ kodò, ìlà lásán ló kù tí ẹ óò máa wò.

Ọ̀rọ̀ ìlà tó ń gbọ̀n gba sùúrù. Ayédèrú máa ń gbọ̀n nítorí pé ọwọ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlà tó ń gbọ̀n ni ayédèrú. Ní 1984 ni àwọn dókítà sọ pé akànṣẹ́ Muhammad Ali ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni ìbuwọ́lù rẹ̀ ti ń kéré sí i, tó ń há sí i, títí tó fi kú ní 2016. Bí wọ́n bá wá gbé fọ́tò kan wá tó jẹ́ pé 2005 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí ìbuwọ́lù Ali tó wà lára rẹ̀ tóbi, tó sì dán gẹ́gẹ́ bí ti ìgbà èwe rẹ̀, dídán yẹn gan-an ló yẹ kó fu yín lára. Ọwọ́ aláìsàn máa ń gbọ̀n káàkiri, níbi tó rọrùn àti níbi tó le. Ti onijìbìtì á gbọ̀n níbi tí lẹ́tà ti yípo, á sì dán lójijì níbi tí iṣẹ́ ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ẹ sì rántí pé Cassius Clay ni Ali ń jẹ́ títí di 1964; bí wọ́n bá ní ó ti buwọ́ lu nǹkan ṣáájú ìgbà náà, tó sì jẹ́ Ali ló wà lára rẹ̀, ẹ fura.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí ìbuwọ́lù méjì bá bára mu láìyẹ̀ rárá, ìfura ló yẹ kó mú wá. Kò sí ẹni tó ń buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì tó ń rí bákan náà, àwa tí akówó bánkì ti lé padà rí pé "sáìnì yín ò bára mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣe" sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn níwájú fèrèsé tó ní ìmọ́lẹ̀. Bí ìlà bá gorí ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n da ọ̀kan kọ láti ara èkejì ni, tàbí kó jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ méjèèjì.

Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, Autopen ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi àpẹẹrẹ ìbuwọ́lù ẹnì kan sínú rẹ̀, apá rẹ̀ á di bírò gidi mú, á sì máa kọ orúkọ náà lórí ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn láìsinmi. Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà lò ó dáadáa. Yíǹkì gidi ni, ipa bírò sì wà lára ìwé, nítorí náà awò nìkan lè má tú u fó. Àfikún ẹ̀dà ló máa ń tú u fó. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Simon & Schuster ta ẹ̀dà 900 nínú ìwé kan tí wọ́n ní olórin Bob Dylan fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù. Dọ́là 599 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tó jẹ́rìí sí i sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fọ́tò tiwọn síta, ni wọ́n bá rí i pé àwọn ìbuwọ́lù kan náà ló ń padà yọjú láti ọwọ́ ẹni yìí sí ọwọ́ ẹni yẹn. Ilé iṣẹ́ náà dá owó padà. Dylan náà tọrọ àforíjì, ó ní òòyì tó ń kọ́ òun láti 2019 ló jẹ́ kí òun lo ẹ̀rọ. Kò sí onijìbìtì kankan tó wá láti ìta nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé ló tà á, òun náà ló sì kọ lẹ́tà ẹ̀rí.

Ọwọ́ ẹlòmíràn náà wà. Nígbà tí òkìkí Beatles, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kàn ní àwọn ọdún 1960, Neil Aspinall àti Mal Evans tí wọ́n ń bá wọn rìnrìn àjò máa ń bá wọn kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára fọ́tò fún àwọn olólùfẹ́ wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbó dáadáa báyìí, inú ìdílé tí kò purọ́ ló sì ti ń wá: òótọ́ ni pé ìyá àgbà gbà á lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọwọ́ Beatles kọ́ ló kàn kọ ọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká rí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ní orúkọ ọ̀gá nísàlẹ̀, igbákejì ló buwọ́ lù ú, pẹ̀lú "for" kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá wá ya fọ́tò tó sì yọ "for" yẹn sẹ́yìn ńkọ́?

Òǹtẹ̀ rọ́bà àti ìbuwọ́lù tí wọ́n tẹ̀ mọ́ fọ́tò láti ilé ìtẹ̀wé kò ṣòro láti mú. Lábẹ́ awò, èyí tí wọ́n tẹ̀ á tú ká sí àmì tótòtó. Bí ẹ bá sì gbé fọ́tò náà dagun síbi ìmọ́lẹ̀, yíǹkì rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ara fọ́tò, nígbà tí ti bírò tàbí máákà á hàn pé òkè ni ó jókòó sí.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́, nítorí kò gba kí ènìyàn jẹ́ ọ̀mọ̀ràn. Ohun tí wọ́n buwọ́ lù lè dàgbà ju ìbuwọ́lù ara rẹ̀ lọ, kò lè kéré sí i láéláé. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, kú ní oṣù Kejìlá 1963, wọ́n sì ti tún àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Bí ẹnì kan bá mú ẹ̀dà kan wá tó ní ọwọ́ Fágúnwà wà nínú rẹ̀, ẹ má tíì wo ọwọ́ náà. Ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí. Bí ẹ bá bá 1970 níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun ìkọ̀wé náà ní ọdún tirẹ̀. Ní 1945 ni bírò di ọjà ní Amẹ́ríkà, máákà Sharpie jáde ní 1964. Babe Ruth tó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nínú eré baseball kú ní 1948, nítorí náà kò sí bí ìbuwọ́lù rẹ̀ tí wọ́n fi Sharpie kọ ṣe lè jẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé fúnra rẹ̀: láti nǹkan bí 1950 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi èròjà kan sínú ìwé kí ó lè funfun sí i. Iná tí wọ́n fi ń yẹ náírà wò ní bánkì ló ń tú u fó. Ìwé tó bá ní èròjà yẹn á tàn yòò lábẹ́ rẹ̀. Ìwé tó tàn báyẹn kò lè jẹ́ ti 1930. Àmọ́ èyí tí kò tàn kò tíì yege o. Àwọn onijìbìtì máa ń fa ojú ewé òfìfo ya láti inú ìwé àtijọ́, kí ìwé lè dàgbà bí yíǹkì kò tilẹ̀ dàgbà. Ibẹ̀ ni kí ẹ wo bí yíǹkì ṣe hùwà: lórí ìwé tó ti gbó, yíǹkì tuntun sábà máa ń tàn ká létí ìlà.

Pálí àwo rọrùn láti kà jù ìwé lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ nínú pálí máa ń bó ara pálí náà ní róbótó, níbi tí etí àwo ti ń họ ọ́ láti inú. Bí Fẹlá bá buwọ́ lù ú nígbà tó ṣì tuntun, ó yẹ kí bíbó yẹn ti bó yíǹkì náà pẹ̀lú, kí ìlà máa já níbi tí pálí ti bó. Bí ẹ bá rí i pé yíǹkì wọ inú ibi tó bó, tó rin ín, a jẹ́ pé pálí ti gbó kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ 1997 ni Fẹlá kú; ẹ bi ara yín bí pálí náà ṣe lè ti gbó tó nígbà yẹn. Ẹ wo orúkọ náà pẹ̀lú. Ransome-Kuti ló ń jẹ́ kí ó tó sọ ọ́ di Aníkúlápó ní àárín àwọn ọdún 1970. Ó lè buwọ́ lu àwo 1972 ní 1980, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà á bá búra pé 1972 gan-an ni bàbá òun gbà á, tó sì jẹ́ Aníkúlápó ló wà lára rẹ̀, ìtàn àti yíǹkì ti ń ja nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpẹẹrẹ tí a fi ń wé e, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ti ṣubú. Ní oṣù Kẹrin 1983, ìwé ìròyìn Stern ní Jámánì kéde pé òun ti rí ìwé tí Hitler máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Owó tí wọ́n san lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án máàkì lọ. Wọ́n ti gbé e fún àwọn tó mọ̀ nípa ọwọ́ ìkọ̀wé, àwọn yẹn fi í wé àwọn ìwé mìíràn tí wọ́n gbà pé Hitler ló kọ wọ́n, wọ́n ní ọwọ́ kan náà ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ! Ọwọ́ kan náà ni: ọ̀gbẹ́ni Konrad Kujau ló kọ ìwé ojoojúmọ́ náà, òun náà ló sì kọ lára àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Jámánì yẹ bébà rẹ̀ wò, wọ́n bá èròjà amúwèéfunfun nínú rẹ̀, èyí tí kò tíì wọ inú ìwé nígbà tí Hitler wà láyé. Kujau lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ wá wo fọ́tò tí Google gbé wá fún yín, kí ẹ bèèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn tó ń ta tirẹ̀ ni.

Ní tiwa níbí, wàhálà àpẹẹrẹ tún le sí i, nítorí àwa kì í fi bẹ́ẹ̀ tọrọ sáìnì. Bí King Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó, bá ń kọrin níwájú wa, owó la ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ta ló ń na bírò sí i? Ìbuwọ́lù olórin wa tó dájú kò wá pọ̀ níta. Ibi tí ojúlówó wà ni inú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ronú àtità: ìwé àdéhùn, rìsíìtì, lẹ́tà, ìwé ilé ìwé. Ẹ wo Michael Adékúnlé Ajásin. Ọ̀gá ilé ìwé Imade College ní Ọ̀wọ̀ ni, ó sì dá Owo High School sílẹ̀, kí ó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Ọ̀gá ilé ìwé ló sì máa ń buwọ́ lu tẹsitimóníà. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó jáde lábẹ́ rẹ̀, tí ìwé wọn ṣì wà nínú àpótí, ní àpẹẹrẹ tó ju Google lọ. Ọjọ́ wà lára rẹ̀, a mọ ẹni tí wọ́n fún, kò sì sí ẹni tó ń retí owó lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Kí ẹ sáà rí i pé ọdún wọn sún mọ́ ara wọn; ọwọ́ ẹni ní 1955 kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ní 1982.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní sàtífíkéètì o." Gbólóhùn yìí ni mo ń gbọ́ jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Olúwọlé l'Ékòó rí kò yẹ kó jẹ́ kí bébà kan tó ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà mú òun. Ní Amẹ́ríkà, àwọn FBI tú ẹgbẹ́ onijìbìtì ìbuwọ́lù kan ká ní oṣù Kẹwàá 1999, Operation Bullpen ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń kọ ọ́ wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀, sàtífíkéètì sì ń bá ọjà wọn rìn. Lára ohun tí wọ́n bá ni bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa, sísítà ìjọ Kátólíìkì, sí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni Mother Teresa ti bá baseball pàdé?

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ìbuwọ́lù wò: PSA, JSA, Beckett. Àwọn wọ̀nyí dára ju bébà tí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ tẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọjà, ẹ lè tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì wọn. Ẹ má dúró lórí pé nọ́ńbà náà yọ o. Bí fọ́tò bá wà níbẹ̀, ẹ fi wé ọjà tó wà níwájú yín, nítorí nọ́ńbà gidi lè wà lára ayédèrú tí wọ́n dà kọ. Ohun tí wọ́n sì ń fún yín jẹ́ èrò ọkàn wọn, kì í ṣe ìbúra.

Ní ilé gbàǹjo gidi, ọ̀rọ̀ inú kátálọ́ọ̀gì ni kí ẹ kà bí lọ́yà. Nínú kátálọ́ọ̀gì iṣẹ́ ọnà, "signed" túmọ̀ sí pé lójú tiwọn, ẹni náà ló buwọ́ lù ú. "Bears signature" túmọ̀ sí pé ìbuwọ́lù wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́. "Attributed to" náà ń yọ ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ilé gbàǹjo Christie's máa ń fún ẹni tó rajà ní ọdún márùn-ún láti dá a padà bí ó bá já sí ayédèrú, ṣùgbọ́n kìkì ohun tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sí àkọlé ni ìdánilójú náà bò. Àlàyé gígùn dídùn tó wà nísàlẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp kò ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹ bá mú kó kọ ọ́ sílẹ̀: iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé òun á dá owó padà.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ níbí, Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 68, gbà kí adájọ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ nípa ọwọ́ ìkọ̀wé. Abala 101 sì gbà kí wọ́n fi ìbuwọ́lù tí wọ́n ń jà lé lórí wé èyí tí wọ́n ti jẹ́rìí sí tàbí tí wọ́n ti gbà pé ti ẹni náà ni. Òfin pàápàá kò jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí kò dájú wé ohun tí kò dájú.

Ó ku jẹ́sì agbábọ́ọ̀lù òde òní, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìlà méjì, ìyípo kan, nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì, ó parí. Nínú irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀, ohun tí awò lè rí kò pọ̀, ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ nínú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á sì sọ pé òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tó ti wá nìkan ló kù láti fi ṣe ẹ̀rí: ta ló gbà á, níbo, ta ló tà á fún ta, ìwé wo ló bá a rìn. Fọ́tò agbábọ́ọ̀lù tó mú máákà dání kò tó, àfi bí àbàwọ́n, ìránpọ̀ àti ibi tí ìlà kọjá lórí jẹ́sì inú fọ́tò náà bá ti èyí tí wọ́n ń tà mu. Ẹ ní kí ó ya iwájú, ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ ránṣẹ́, kí imọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ní kò sí àyè, tàbí pé ẹlòmíràn ti fẹ́ gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbé e lọ.